Àjogúnbá àti Àgbájọ Àrùn Lára Ọkùnrin: Ìtàn Ìwádìí láti Marseille dé Ìgbó-Ọrà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn baba ńlá Yorùbá ti ṣàkíyèsí pé àwọn àìsàn kan wà tí kì í mọ sára ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n máa ń rìn káàkiri láàrin àwọn tí nǹkan kan so pọ̀. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí ó so wọ́n pọ̀ gan-an. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n pín ni, àbí ilé kan náà, oúnjẹ kan náà àti ìṣe kan náà? Àbọ́yadé àti àwọn ọlọ́ya yòókù lè má jẹ́ ìbátan rárá. Òrìṣà ni ó pa wọ́n pọ̀. Irú ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún nǹkan bí 100 ọdún lórí àwọn àìsàn mẹ́rin kan tí wọ́n sábà máa ń jọ bá ọkùnrin tí ó ti dàgbà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò rí bí ó ti yẹ, àti ọ̀rá tí ó kó jọ sí ikùn.

Metabolic syndrome ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún un, nítorí náà àgbájọ àrùn ni iṣẹ́ yìí yóò máa pè é. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé kì í ṣe àrùn kan. Ó dà bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ ń jáde, tí ẹni tí ó bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà yóò ti mọ̀ pé àwọn yòókù kò jìnnà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé ara kò gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu mọ́. Ínsúlíìnì ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ẹran ara bá di etí sí i, ara yóò máa tú u jáde sí i, títí agbára yóò fi pin.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti yàrá ìwádìí nìkan. Èrò méjì ló gbilẹ̀ nípa rẹ̀ láwùjọ, olùkọ́ yóò sì bá méjèèjì pàdé. Èkíní ni ti ọkùnrin tí ó máa ń sọ pé àrùn ìdílé àwọn ni, bàbá òun ní i, bàbá bàbá òun náà ní i, tí yóò sì káwọ́ gbera. Èkejì ni ti ẹni tí ó ní irú rẹ̀ kò sí nílé àwọn rí, òun kò sì sanra, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá òun títí apá kan ara rẹ̀ yóò fi rọ. Kì í ṣe àìmọ̀wé ló bí èrò méjèèjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ti di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú rí, ìtàn bí wọ́n ṣe dì í mú àti bí ó ṣe yọ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni kókó iṣẹ́ yìí.

Ikùn ọkùnrin di ohun àyẹ̀wò

Ní ọdún 1923, dókítà ará Sweden kan, Eskil Kylin, kọ̀wé pé òun ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti àrùn oríkèé tí àwọn òyìnbó ń pè ní gout máa ń jọ rìn pọ̀ lára aláìsàn kan náà. Kylin kò sọ̀rọ̀ àjogúnbá púpọ̀, kò sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ akọ àti abo wọ inú rẹ̀ ni Jean Vague, dókítà ará Faransé tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Marseille. Ní 1947, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi pín ìsanra sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ọ̀rá máa ń kó sí apá òkè ara àti ikùn, tí ó sọ pé ó jẹ́ ti ọkùnrin. Èkejì ni èyí tí ó máa ń kó sí ìdí àti itan, tí ó sọ pé ó jẹ́ ti obìnrin. Vague ní oríṣi àkọ́kọ́ ni ó ń fa àtọ̀gbẹ àti àrùn òpójẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ara obìnrin ni ó wà. Àwọn onímọ̀ kò kọbi ara sí i fún ìgbà pípẹ́. Ìwọ̀n ara lápapọ̀ ni wọ́n gbà pé ó ṣe kókó. Ibi tí ọ̀rá fìdí kalẹ̀ sí kò jọ wọ́n lójú.

Ìlú Gothenburg ní Sweden ni ẹ̀rí ti wá fún Vague. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ yan àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1913. Nígbà tí àwọn 792 nínú wọn pé ẹni ọdún 54, wọ́n wọn ìyíká ikùn àti ti ìdí wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún 13. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, yani lẹ́nu. Kì í ṣe àwọn tí ó wúwo jù ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ mú jù. Àwọn tí ikùn wọn tóbi ní ìfiwéra pẹ̀lú ìdí wọn ni. Ọkùnrin tí kò sanra, àmọ́ tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, wà nínú ewu ju ẹni tí ó sanra káàkiri ara lọ. Ní àwùjọ tí ikùn tó yọ lára ọkùnrin ti máa ń jẹ́ àmì pé ayé yẹ ẹ́, ìròyìn yìí kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti gbé lọ sílé.

Ní 1988 ni Gerald Reaven, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, wá fi orúkọ kan dè wọ́n pọ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Banting tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń ṣe. Syndrome X ni ó pè é. Reaven ni ó sọ ọ́ kedere pé àìgbọ́ràn sí ínsúlíìnì ni gbòǹgbò. Ohun kan tí àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé ni pé Reaven kò ka ìsanra mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò sanra rárá náà lè ní i. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ikùn padà sínú rẹ̀.

Ohun tí ìbejì sọ

Bí ó bá ti dájú pé àwọn àìsàn náà ń jọ rìn, kí ni ó so wọ́n pọ̀? Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ jù tí àwọn onímọ̀ ń gbà wá ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìbejì. Èdè Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e, ó ní Ìdòwú àti Àlàbá fún àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, àmọ́ ìbejì náà ni ó ń pe àwọn méjèèjì yálà wọ́n jọra tàbí wọn kò jọra. Sáyẹ́ǹsì ní tirẹ̀ ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá pín gbogbo jíìnì wọn pọ̀. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin méjì wá kò pín ju ìlàjì lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá àti bàbá kan náà èyíkéyìí. Oríṣi kejì yìí ni ó pọ̀ jù nínú ìbejì Yorùbá, òun sì ni ó gbé ìran Yorùbá ga ju ìran mìíràn lọ nínú bíbí ìbejì. Bí àrùn kan bá ń mú ìbejì ẹlẹ́yin kan pọ̀ ju bí ó ti ń mú ìbejì ẹlẹ́yin méjì pọ̀ lọ, àjogúnbá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1994, Dorit Carmelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí 2,508 ìbejì ọkùnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló ti jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n rọrùn: ta ni nínú yín ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìsanra pa pọ̀? Nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan, ìdá 31.6 nínú 100 ni ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì rẹ̀ náà yóò ní i. Nínú ìbejì ẹlẹ́yin méjì, ìdá 6.3 péré ni. Ìṣirò wọn fi hàn pé ohun kan wà lábẹ́ àwọn àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé jíìnì ni ó ni ìdá 59 nínú 100 ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn ọkùnrin náà lórí nǹkan yẹn. Ìdá 41 yòókù jẹ́ ti ìgbé ayé oníkálukú.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, ó sì yẹ kí olùkọ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìdá 59 kò túmọ̀ sí pé ìdá 59 àrùn ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàrin àwọn ènìyàn kan, ní ibì kan, ní ìgbà kan, ni ó ń wọ̀n. Bí àgbẹ̀ kan bá da oríṣiríṣi irúgbìn àgbàdo pọ̀, tí ó sì gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ kan náà tí òjò ń rọ̀ sí dọ́gba, ìyàtọ̀ gíga tí ó bá wà láàrin igi àgbàdo kan àti èkejì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti irúgbìn nìkan. Bí ó bá wá kó irúgbìn kan náà lọ gbìn sórí ilẹ̀ àṣálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò ràn. Irúgbìn kò yí padà. Ilẹ̀ ni ó yí padà. Bákan náà, àwọn ajagunfẹ̀yìntì wọ̀nyẹn ń gbé ní orílẹ̀-èdè kan tí oúnjẹ ti pọ̀, tí ọkọ̀ sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ohun tí jíìnì ṣe lára wọn níbẹ̀ kò sọ ohun tí ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń kọ ebè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó tún ṣe pàtàkì láti rántí pé nínú àwọn ẹlẹ́yin kan pàápàá, tí wọn kò ní ìyàtọ̀ kankan nínú jíìnì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kò jọ ní àgbájọ náà pa pọ̀.

Ebi àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹrú

Kí ló dé tí ìran ènìyàn yóò fi ní jíìnì tí ń fa àìsàn? James Neel, onímọ̀ àjogúnbá ará Amẹ́ríkà, dábàá ìdáhùn kan ní 1962. Àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà mọ iṣẹ́ Neel láìmọ orúkọ rẹ̀: òun wà lára àwọn tí ó fi hàn ní 1949 pé ọmọ tí ó ní fòníkúfọ̀ladìde ti jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS dá lé. Lórí àtọ̀gbẹ, Neel sọ pé ní ayé àtijọ́ tí ìyàn máa ń mú, ẹni tí ara rẹ̀ bá tètè ń sọ oúnjẹ di ọ̀rá ni yóò là á já. Jíìnì tí ó gbà á lọ́wọ́ ebi ni yóò wá pa ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ayé ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Àbá náà dùn létí, ó sì rọrùn láti kọ́ni. Ó tún bá ohun tí Neel mọ̀ nípa fòníkúfọ̀ladìde mu, nítorí pé ẹni tí ó ní AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà. Àmọ́ fòníkúfọ̀ladìde jẹ́ ti jíìnì kan ṣoṣo. Títí Neel fi tún kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní òpin ọ̀rúndún 20, kò sí ẹni tí ó rí jíìnì kan ṣoṣo tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó sọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà díjú ju bí òun ti kọ́kọ́ rò ó lọ.

Àtakò tí ó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ìgbèríko Hertfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn agbẹ̀bí àgbègbè náà ti ń kọ ìwọ̀n ọmọ tuntun sílẹ̀ sínú ìwé. David Barker àti Nicholas Hales wá àwọn ọkùnrin tí wọ́n bí láàrin 1920 sí 1930 kàn lẹ́yìn tí wọ́n ti di arúgbó. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 lórí 407 ọkùnrin, ìdá 22 nínú 100 àwọn ẹni ọdún 64 tí wọn kò ju 2.95 kílò lọ nígbà tí wọ́n bí wọn ni ó ní àgbájọ àrùn. Ewu tiwọn ju ìlọ́po 10 ti àwọn tí ó wúwo ju 4.31 kílò lọ. Hales àti Barker ní kì í ṣe jíìnì ni ó kọ́ ara láti fi oúnjẹ pamọ́, bí kò ṣe ebi tí ọmọ rí nínú oyún. Ohun tí ó wà nínú ìdílé, tí àwọn ènìyàn ń pè ní àjogúnbá, lè jẹ́ ohun tí ìyá kò rí jẹ.

Láàrin àsìkò yìí kan náà ni àbá mìíràn dìde tí ó kan ìran Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ lọ. Ní 1991, Thomas Wilson àti Clarence Grim kọ̀wé pé òwò ẹrú ni ó fà á: ọ̀pọ̀ ẹrú kú nínú ọkọ̀ ojú omi nítorí ìgbẹ́ gbuuru àti òógùn tí ó gba iyọ̀ lára wọn, àwọn tí jíìnì wọn lè di iyọ̀ mú ni ó yè, àwọn ni ó sì bí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lónìí. Òpìtàn ni ó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, kì í ṣe dókítà. Philip Curtin, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ka iye ẹrú tí ó kọjá lórí Òkun Àtìláńtíìkì, kọ̀wé ní 1992 pé àwọn àkọsílẹ̀ ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, yálà lórí àìsí iyọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tàbí lórí ohun tí ó pa àwọn ẹrú nínú ọkọ̀. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìtàn mọ èyí, nítorí pé wọ́n sábà máa ń rò pé ẹ̀kọ́ wọn kò ní iṣẹ́ kankan nílé ìwòsàn.

Ìgbó-Ọrà, Ìbàdàn, Maywood

Bí Curtin ṣe ń fi ìwé jà ni àwọn mìíràn ń fi okùn ìwọnfúnpá jà. Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago, Charles Rotimi tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, títí kan àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí ó tọ ipa ọ̀nà àwọn ẹrú padà. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn ní ìgbèríko àti ní ìgboro Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, wọ́n wọ̀n ọ́n ní Jàmáíkà, St. Lucia àti Barbados, wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago. Gbogbo wọn lápapọ̀ lé ní 10,000. Ìgbó-Ọrà, ìlú tí ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Àbájáde tí ó jáde ní 1997 dà bí àtẹ̀gùn. Ìdá 16 nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó di ìdá 26 ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Ó di ìdá 33 ní Maywood. Bí ìsanra ṣe ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé ibì kejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i. Orísun kan náà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ìlọ́po méjì lára àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Àwọn tó ń sọ pé jíìnì aláwọ̀ dúdú ni ó burú ní láti sọ ohun tí jíìnì náà ń ṣe ní Ìgbó-Ọrà.

Wọ́n kò dúró síbẹ̀. Ní 2005, Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn àbájáde yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 14 títí dé 44. Láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ láti 27 títí dé 55. Nàìjíríà ni ó kéré jù, Jámánì ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ti ń kà á nínú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ àrùn aláwọ̀ dúdú yóò rí i pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ìwọ̀n Nàìjíríà wọ̀nyí jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, ní àwọn ọdún 1990. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin púpọ̀ ti kúrò lóko wọ ọ́fíìsì àti ìdí ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì dúró sí ibi tí ó wà mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn nínú àwòrán ayé

Ní oṣù kẹwàá 2002 ni wọ́n dá iṣẹ́ HapMap sílẹ̀, láti ya àwòrán ibi tí DNA ènìyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ènìyàn 270 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan tí ó ti dàgbà, lọ́nà 30. Àwọn yòókù wá láti ìpínlẹ̀ Utah, láti Beijing àti láti Tokyo. Àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Láti ìgbà náà, YRI, ìkékúrú orúkọ tí wọ́n fún àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyí, ti di ohun tí onímọ̀ àjogúnbá kankan kò lè ṣe aláìmọ̀, bí kò tilẹ̀ lè tọ́ka sí Ìbàdàn lórí àwòrán ilẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà fi wúlò tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìran ènìyàn pẹ́ ní Áfíríkà ju ibikíbi lọ. Nítorí náà, DNA níbẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ó sì rọrùn láti mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú ọ̀pọ̀ tí ó jọ dúró síbì kan. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ deCODE ní Iceland rí jíìnì TCF7L2, tí ó ṣì lágbára jù nínú àwọn jíìnì tí ó wọ́pọ̀ tí wọ́n bá àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tan. Wọ́n rí àdúgbò náà, àmọ́ wọn kò mọ ojúlé náà dájú. Ní 2007, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọdún yẹn náà ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì rí FTO lára 38,759 ènìyàn ilẹ̀ Yúróòpù: àwọn tí ó jogún ẹ̀dà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wúwo ju àwọn tí kò jogún rẹ̀ rárá lọ ní nǹkan bí kílò 3. Kílò 3 kò ju ohun tí ẹni tí ó bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́ lè dín kù lọ.

Lórí àgbájọ àrùn gan-an, iṣẹ́ tí ó kan Nàìjíríà jù jáde ní 2015. Fasil Tekola-Ayele, Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ DNA 1,427 ènìyàn wò láti Gánà àti Nàìjíríà, wọ́n sì tún wò ó lára àwọn ará Kẹ́ńyà. Wọ́n rí ohun méjì tí ó jẹ́ ti ìran Áfíríkà nìkan. Ọ̀kan, lẹ́bàá jíìnì CA10, ń mú ewu àgbájọ náà pọ̀ sí i gan-an. Inú ọpọlọ sì ni CA10 ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú ọ̀rá tàbí ẹ̀dọ̀. Èkejì, nínú jíìnì CTNNA3, ààbò ni ó jẹ́. Ìdílé tí ó ń ka àrùn mọ́ ogún tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kì í rántí ka èyí.

Ní ti ọkùnrin pàápàá, ìwádìí jíìnì kò tíì sọ ohun tí Vague ì bá retí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí jíìnì 14 tí ó ń darí ibi tí ọ̀rá ń kó sí lára. 7 nínú wọn yàtọ̀ lára akọ àti abo, lára obìnrin sì ni méjèèje ti lágbára jù. Ní 2012, ìwádìí kan lórí 3,233 ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn tí ó jogún ẹ̀ka kan nínú kúrómósómù Y, tí ó máa ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin nìkan, ní ewu àrùn ọkàn tí ó fi ìlàjì ju ti àwọn yòókù lọ. Àmọ́ kì í ṣe nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọ̀rá ni ó fi ń ṣe é, ẹ̀ka yẹn sì jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù. Orí ẹ̀ka mìíràn ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọkùnrin Yorùbá wà.

Okùn ìwọ̀n

Gbogbo ìwádìí jíìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí ó ní àrùn àti ẹni tí kò ní i. Níbi yìí ni ìtàn náà ti pẹ́ jù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1998. Ní 2001, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ohun márùn-ún kalẹ̀, pé ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti ní àgbájọ náà: ikùn ọkùnrin tí ìyíká rẹ̀ ju 102 sẹ̀ǹtímítà lọ tàbí ti obìnrin tí ó ju 88 lọ, triglyceride tí ó pọ̀ jù, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere tí ó kéré jù, ẹ̀jẹ̀ tí ó ru, àti ṣúgà tí ó ga. Lára àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti rí àwọn ìwọ̀n ikùn wọ̀nyí.

Méjì nínú márùn-ún yìí kò ba ọkùnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mu. Anne Sumner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé triglyceride aláwọ̀ dúdú kì í sábà ga bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ràn sí ínsúlíìnì mọ́. Lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ní àgbájọ náà, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere kéré, kí triglyceride sì wà bí ó ti yẹ. Ẹ̀rí kan ti sọnù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ikùn. Ní 2005, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí àtọ̀gbẹ sọ ìwọ̀n ọkùnrin di 94, ti obìnrin di 80. Wọ́n fún àwọn ará Áṣíà ní ìwọ̀n tiwọn. Wọ́n ní kí ilẹ̀ Áfíríkà máa lo ti Yúróòpù títí ẹ̀rí yóò fi wà. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Áfíríkà fi ń sọ pé àgbájọ náà pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún ọkùnrin ga ju ti obìnrin lọ ní sẹ̀ǹtímítà 14.

Ẹ̀rí náà jáde ní 2018. Kenneth Ekoru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 17 jọ láti orílẹ̀-èdè 8 ní gúúsù Sàhárà, ènìyàn 24,181. Ìwọ̀n tí ewu ti bẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin jẹ́ 81.2 sẹ̀ǹtímítà. Ti obìnrin jẹ́ 81.0. Ìyàtọ̀ tí Vague rí láàrin akọ àti abo ní Marseille ní 1947, tí gbogbo okùn ìwọ̀n ti gbé rù láti ìgbà náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọkùnrin ará Ìgbó-Ọrà tí ìyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ 88 sẹ̀ǹtímítà kò sí nínú ewu ní ìlànà ti 2001, kò sí nínú rẹ̀ ní ìlànà ti 2005, ó sì ti kọjá ààlà pẹ̀lú nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 nínú ìṣirò ti 2018.